Oúnjẹ Ilé àti Oúnjẹ Ọ̀nà

Nínú ẹ̀kọ́ wa ti òní, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni a fẹ́ bá yín sọ. Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn. Olówó ń jẹun, tálákà ń jẹun. Àgbẹ̀ ń jẹun lóko, awakọ̀ ń jẹun lójú ọ̀nà, ọmọ ilé-ìwé ń jẹun kó tó jáde nílé. Àwọn àgbà ní, bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe.

Àwa tí a kọ ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ràn oúnjẹ púpọ̀. A kò ní fi bò fún yín. Iṣẹ́ wa a máa gbé wa láti ìlú dé ìlú. Ibikíbi tí a bá sì dé, ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń jẹ ni àwa náà ń jẹ. Ohun tí ojú wa ti rí, àti ohun tí ẹnu wa ti tọ́ wò, ni a fẹ́ sọ fún yín. Ṣùgbọ́n a ó sọ nípa ewu pẹ̀lú, nítorí ẹnu tí adùn ń gbà wọlé náà ni àìsàn ń gbà wọlé.

1. OÚNJẸ ILÉ

Ilé ni a ti ń kọ́ oúnjẹ jíjẹ. Ẹ ó ti gbọ́ tí àwọn àgbà ń sọ pé: iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá ni à ń jẹ ẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Bí ará Èkìtì bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, inú rẹ̀ a dùn. Ará Ìbàdàn ńkọ́? Òun lè sọ pé ọkà gan-an ni oúnjẹ, pé iyán kàn ń bá a ṣeré ni!

Ní ilé tiwa, àmàlà ni à ń jẹ jù. Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀. A ó bẹ iṣu. A ó bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná tí kò tíì hó. A ó fi í sílẹ̀ nínú omi náà di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, a ó sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ tí yóò sì le. Nígbà náà ni a ó lọ̀ ọ́, tí a ó kù ú, tí yóò di èlùbọ́. Èlùbọ́ fúnra rẹ̀ kò dúdú. Ìgbà tí a bá rò ó nínú omi híhó ni àmàlà ń dúdú. Iṣu tí a lè jẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí a bá fi ṣe èlùbọ́, ó lè wà nílé fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọgbọ́n àwọn ìyá wa nìyẹn.

Ọbẹ̀ rẹ̀ náà ní ìmọ̀ tirẹ̀. Ewédú ni a ń fi ìjábẹ̀ já nínú ìkòkò títí yóò fi yọ̀. Ẹ̀wà tí a bó èèpo rẹ̀, tí a sè tó rọ̀ bí omi, ni gbẹ́gìrì. Bí a bá da méjèèjì pọ̀, tí a sì bu ọbẹ̀ ata lé e, àbùlà dé nìyẹn. Èyí kì í ṣe adùn lásán. Ẹ̀wà ń mú kí ara dàgbà, ó sì ń tún ara ṣe. Ewébẹ̀ ń fún wa ní ohun tí ẹ̀jẹ̀ wa ń fẹ́. Ẹni tí kò bá lówó ẹran lónìí, tó jẹ gbẹ́gìrì àti ewédú, kò jìyà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ kan. Àwọn oníṣòwò mìíràn a máa da oògùn apakòkòrò sí ẹ̀wà tàbí èlùbọ́, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Oògùn tó pa kòkòrò lè pa ènìyàn. NAFDAC ti kìlọ̀ nípa èyí. Nítorí náà, ẹ máa gbóòórùn ẹ̀wà àti èlùbọ́ kí ẹ tó rà á. Bí òórùn oògùn bá wà lára rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ra ọjà yín lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ tọ́jú ẹ̀wà pamọ́, ẹ sá a kó gbẹ dáadáa, ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ, ẹ sì dé e pinpin kí afẹ́fẹ́ má wọlé.

2. ÌLÚ DÉ ÌLÚ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé oúnjẹ ìlú wọn nìkan ló dára. Ìrìn-àjò ni yóò là wọ́n lójú.

Ní ìjọ́sí, a dé Ìjẹ̀bú-Òde ní ọ̀sán. Ìyá kan gbé àwo oúnjẹ pupa kan síwájú wa, ẹja sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ní, “Ẹ ṣeun, Mà. Àsáró yìí mà dára o.”

Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àsáró kọ́ o, ọmọ mi. Ìkọ́kọrẹ́ ni. Ẹ jẹ ẹ́ ná, kí ẹ tó sọ̀rọ̀.”

A jẹ ẹ́, a sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè bí wọ́n ṣe ń sè é. Ìyá ní ewùrà ni wọ́n ń rin, pé iṣu lásán kò ṣe é lò. Wọ́n á bu ewùrà tí wọ́n rin náà díẹ̀díẹ̀ sínú omi ọbẹ̀ tó ń hó, èyí tí ata, epo pupa, ẹja àti iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Wọn kì í tètè rò ó, kí kókó rẹ̀ má baà fọ́ dànù. Ẹ wò ó, ewùrà tí àwọn kan ń pè ní iṣu tí kò wúlò fún iyán, oúnjẹ iyì ni ní Ìjẹ̀bú.

Ní Abẹ́òkúta, làfún ni wọ́n gbé fún wa. Ó funfun, ó sì rọ̀. Pákí ni wọ́n fi ń ṣe é. Kí gbogbo wa mọ̀ pé májèlé wà nínú pákí tútù, pàápàá nínú èyí tó korò. Rírẹ tí a ń rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àti sísá tí a ń sá a, ni wọ́n ń mú májèlé náà kúrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni gàrí: pákí tí a rin, a gbọ́dọ̀ fi í sínú àpò kó kan, kí omi rẹ̀ ro dànù, kí a tó yan án. Gàrí Ìjẹ̀bú kan ju òmíràn lọ nítorí pé ó pẹ́ nínú àpò. Ẹni tó bá ń kánjú, tí kò jẹ́ kí pákí pé ọjọ́, ara àwọn tí yóò jẹ ẹ́ ló fi ń ṣòfò.

Ní ọ̀nà Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Ìkirè. Bí mọ́tò bá ti dúró, àwọn ọlọ́jà á sáré dé pẹ̀lú dòdò Ìkirè. Ó pupa dúdú, ata wà nínú rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n jù, tí àwọn mìíràn ì bá dà nù, ni wọ́n ń gún mọ́ ata àti iyọ̀, tí wọ́n sì ń dín nínú epo pupa. Òwò ńlá ni wọ́n sọ ọ́ dà. Ẹni tó mọ ọ̀nà kì í jẹ́ kí oúnjẹ ṣòfò.

Bí a bá lọ sí Ìlọrin tàbí Ṣakí, àwọn obìnrin Fúlàní á gbé wàrà wá fún títà. Oje ewé bomubómu ni wọ́n ń lò kí wàrà náà lè dì. Nígbà tó bá dì tán, wọ́n á gbé e sínú agbọ̀n kékeré kí omi rẹ̀ ro. Àwa Yorùbá a máa dín in, a sì máa fi í sínú ọbẹ̀ bí ẹran. Ẹ̀yà méjì pàdé nínú ìkòkò kan, ìjà kò sì sí.

Kí ni a rí kọ́? Ẹ má ṣe fi imú ṣàbòsí sí oúnjẹ onílé. Bí ó bá jẹ́ ohun tí ara yín kò gbà, tàbí tí ẹ̀sìn yín kò fẹ́, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Ẹ ní, “Ẹ jọ̀wọ́, Mà, èyí kì í bá mi lára mu.” Onílé kò ní bínú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní, “Irú oúnjẹ wo nìyí?” ti bú ìyá onílé àti ìyá ìyá rẹ̀.

3. ÀKÀRÀ TÓ RÉKỌJÁ ÒKUN

Oúnjẹ wa rìn jù wá lọ. Ní ayé òwò ẹrú, wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá lọ sí ilẹ̀ Bahia ní Brazil. Wọn kò jẹ́ kí wọ́n kó ẹrù dání. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú orí, ta ló lè gbà á? Àwọn obìnrin wa ń dín àkàrà níbẹ̀, wọ́n ń kiri rẹ̀ tà. Àwọn mìíràn fi owó rẹ̀ ra òmìnira ara wọn.

Títí di òní, wọ́n ń ta àkàrà ní òpópónà ìlú Salvador. Acarajé ni wọ́n ń pè é. Ẹ pe orúkọ náà dáadáa, ẹ ó gbọ́ “àkàrà” àti “jẹ” nínú rẹ̀. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, wọ́n á là á sí méjì, wọ́n á sì fi edé àti ata sí i láàárín. Aṣọ funfun ni àwọn obìnrin tó ń tà á máa ń wọ̀. Ní 2005, ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí sínú ìwé ogún ìbílẹ̀ orílẹ̀-èdè náà.

Oúnjẹ sì tún bá àwọn tó padà bọ̀ wálé. Ní nǹkan bíi 150 ọdún sẹ́yìn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn Àgùdà ń ti Brazil padà sí Èkó. Wọ́n kó ọgbọ́n ilé kíkọ́ wá, wọ́n sì kó fùréjọ̀n wá. Ẹ̀wà ni, tí a sè títí tó fi rọ̀, tí a lọ̀ kúnná, tí a sì fi omi àgbọn sè. Ọjọ́ Ẹtì Rere, ṣáájú Àjíǹde, ni wọ́n ń jẹ ẹ́ jù, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja. A jẹ ẹ́ rí nílé ọ̀rẹ́ wa kan ní Pópó Àgùdà. Ó dùn bí ohun tí a fi ṣúgà sí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ ẹ́ lè rò pé kò bá ọbẹ̀ ata lọ. Kó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, yóò béèrè fún ẹ̀kẹta.

4. BÍ A ṢE Ń MỌ BÙKÀ TÓ DÁRA

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a sọ èyí tó gba ẹ̀mí. Kì í ṣe gbogbo ibi tí òórùn ọbẹ̀ bá ti ń ta sánsán ni a ń jókòó sí.

Ní ọdún kan, a ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ ní Ìbàdàn. Dírẹ́bà wa dúró ní bùkà kan, ní ìlú tí a kò ní dárúkọ. Kí a tó jókòó, a yí lọ sí ẹ̀yìn bùkà náà, nítorí àṣà wa ni. Omi bàsíà kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń fọ gbogbo àwo, omi náà sì ti dúdú. Ìrẹsì tí wọ́n sè láti àárọ̀ wà nínú ìkòkò, kò sí iná lábẹ́ rẹ̀, eṣinṣin sì ń bà lé e. A ní a kò jẹ. A ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ẹ̀pà yíyan.

Dírẹ́bà fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, “Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ̀rù ń bà yín jù. Ìdọ̀tí kì í pa èèyàn dúdú.” Ó jẹ ìrẹsì náà tán, ó sì mu omi lé e.

Ní òru ọjọ́ náà, ìyàwó rẹ̀ rán ọmọ sí wa. Nígbà tí a dé ilé wọn, ọkùnrin náà ń bì, ó sì ń yàgbẹ́ bí omi. Ojú rẹ̀ ti jìn wọ inú. Ahọ́n rẹ̀ gbẹ. Kò lè dá dìde, ọmọ rẹ̀ mẹ́rin sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò ó. A po omi iyọ̀ àti ṣúgà, a ń fi ṣíbí bu ú sí i lẹ́nu, a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi fa omi sí i lára. Nọ́ọ̀sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, ká ní wọ́n dúró di àárọ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá yí padà. Láti ọjọ́ náà, dírẹ́bà yìí gan-an ló ń ṣáájú wa lọ sí ẹ̀yìn bùkà!

Àwọn ohun tí a ń wò nìyí:

(a) Ṣé oúnjẹ náà gbóná? Oúnjẹ tí èéfín ń rú lára rẹ̀ dára ju èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ. Oúnjẹ tó ti kúrò lórí iná ju wákàtí méjì lọ nínú ooru, ẹ fi í sílẹ̀.

(b) Ṣé wọ́n bo oúnjẹ? Ibi tí eṣinṣin ti bà kó tó wá bà lé àwo yín, ẹ kò mọ̀ ọ́n.

(d) Omi wo ni wọ́n fi ń fọ àwo? Ṣé omi mìíràn wà fún ṣíṣàn?

(e) Ọwọ́ ẹni tó ń bu oúnjẹ ńkọ́? Ṣé ọwọ́ tó ń gba owó náà ló fi ń gbé ẹran?

(ẹ) Ṣé àwọn ènìyàn ń jẹun níbẹ̀ púpọ̀? Níbi tí èrò pọ̀ sí, oúnjẹ kì í pẹ́ nínú ìkòkò.

Bí kò bá sí bùkà tó dára, ẹ ra èso tí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín bó: ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Tàbí kí ẹ di oúnjẹ láti ilé. Àkàrà gbígbẹ àti ẹ̀pà kì í tètè bàjẹ́. Ẹ má sì gbàgbé láti fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín, nítorí ọwọ́ tiwa náà lè dọ̀tí ju àwo ọlọ́jà lọ.

5. BÍ ÀÌSÀN BÁ DÉ

Àìsàn tí a ń pè ní onígbáméjì, tí àwọn dókítà ń pè ní kọ́lẹ́rà, inú omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ ènìyàn ti kàn ni ó ń gbà ràn. Ó jà ní Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2024, ó sì pa ènìyàn. Ohun tó ń pa aláìsàn kíákíá ni pé omi inú ara rẹ̀ ń tán. Nítorí náà, omi ni kí a kọ́kọ́ dá padà sí i lára.

Bí a ṣe ń po omi náà nìyí. Ẹ mú omi tó mọ́, lítà kan. Ọ̀rá omi méjì tí a kọ 50cl sí lára jẹ́ lítà kan gééré. Ẹ fi ṣúgà sí i, ṣíbí tíì 6, kó rí pẹrẹsẹ, kó má ṣe ga. Ẹ fi iyọ̀ sí i, ààbọ̀ ṣíbí tíì. Ẹ rò ó títí gbogbo rẹ̀ yóò fi yòrò. Ẹ máa fún aláìsàn mu díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá bì í, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe fi iyọ̀ kún un o, iyọ̀ tó pọ̀ jù léwu. Èyí tó bá kù di ọjọ́ kejì, ẹ dà á nù, kí ẹ po òmíràn. Ọmọ ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ ṣíwọ́ ọmú.

Omi yìí kò gba ipò dókítà. Bí aláìsàn kò bá lè mu omi, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, bí kò bá tọ̀ mọ́, tàbí tí ó bá rẹ̀ ẹ́ gan-an, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ máa fún un ní omi náà lójú ọ̀nà.

6. ÌWÉ KÍKÀ ÀTI OÚNJẸ

Ẹ lè ní, kí ló kan ìwé kíkà nínú ọ̀rọ̀ ìkòkò? Ó kàn án gan-an. Nígbà tí ẹ kò tíì mọ̀wé, àwòrán ara agolo nìkan ni ẹ lè wò. Nísinsìnyí, ẹ yí agolo náà padà. Ẹ ó rí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ẹ ó sì rí ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò tán. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ ti oṣù, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti ọdún. Bí ẹ bá rí 08/2019, oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni. Ó ti kọjá, ẹ má ṣe rà á. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC pẹ̀lú. Ọdún 1993 ni ìjọba dá àjọ náà sílẹ̀ láti máa ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn fún wa. Agolo tó bá wú, bí ọjọ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì pé, ẹ má ṣe ṣí i jẹ.

Ìwé kíkọ náà wúlò. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ti lọ pẹ̀lú ọbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n sè mọ́. Àwọn ọmọ á máa sọ pé, “Ọbẹ̀ Màmá ti yàtọ̀,” ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ, ẹ jókòó ti ìyá yín. Ẹ bi í pé, “Mà, irú mélòó? Ìgbà wo ni ẹ ń da epo sí i?” Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ogún ni. Kò ní jẹrà, a kò sì lè jà lé e lórí.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí nìdí tí a fi ń rẹ pákí sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin?
2. Irú iṣu wo ni a fi ń se ìkọ́kọrẹ́?
3. Ohun márùn-ún wo ni a ń wò kí a tó jókòó ní bùkà?
4. Ṣíbí tíì ṣúgà mélòó ni a ń fi sí omi lítà kan? Iyọ̀ ńkọ́?
5. Ẹ mú agolo tàbí páálí kan nílé yín. Ẹ ka ọjọ́ ara rẹ̀ sókè fún ẹni tó wà nítòsí.
6. Ẹ kọ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ kan ní ìlú yín, kó má ju ìlà mẹ́wàá lọ. Ẹ mú un wá sí kíláàsì, kí a jọ kà á.